Ta ni Bàbá Sàlá? Ìtàn Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tó gbé aago ńlá kọ́rùn

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí Bàbá Sàlá, dágbére fáyé ní Iléṣà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó ti ń wo tẹlifíṣàn nílẹ̀ Yorùbá láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín kó tó dá yín lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wo àwàdà lórí fóònù lónìí ni kò mọ ohun tí bàbá yìí gbé ṣe, wọn kò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nídìí iṣẹ́ náà. Ó wà lára àwọn tó fi hàn pé èèyàn lè fi àwàdà nìkan kó ẹgbẹ́ jọ, kó sì fi bọ́ ilé. Òun náà ló tún fara gbá a pé gbogbo ìlú lè máa rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ ẹni, kí owó iṣẹ́ ọ̀hún má sì wọlé.

Ní ṣókí

• Orúkọ àbísọ: Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀
• Orúkọ orí ìtàgé: Bàbá Sàlá
• Ìlú: Iléṣà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà
• Ẹgbẹ́ orin: Federal Rhythm Dandies
• Ẹgbẹ́ eré: Aláwàdà
• Díẹ̀ lára fíìmù rẹ̀: Ọ̀run Móoru (1982), Ààrẹ Àgbáyé (1983), Moṣebọ́látán (1985), Àgbà Man (1992)
• Ọjọ́ tó kú: 7 oṣù Kẹwàá, 2018

Orin ló fi bẹ̀rẹ̀

Kí àwàdà tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, olórin ni. Ní àwọn ọdún 1960, orin highlife ló gbòde ní Èkó àti Ìbàdàn, Moses Ọláìyá náà sì kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, ó pè é ní Federal Rhythm Dandies.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń ta jìtá lábẹ́ rẹ̀. Sunday Adéníyì Adégẹyè lorúkọ rẹ̀. Ní 1967, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúrò, ó lọ dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀. Òun làwọn èèyàn ń pè ní King Sunny Adé lónìí. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ iṣẹ́ di ọba jùjú, ọ̀gá di baba àwọn aláwàdà.

Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wo eré Bàbá Sàlá yóò rí i pé iṣẹ́ orin kò ṣòfò lára rẹ̀. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sáré, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ kí ó máa wo èrò lójú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú ìdákẹ́ yẹn gan-an lẹ̀rín ti ń bẹ́ jáde.

Awò tí kò ní dígí

Bí Bàbá Sàlá bá yọ sórí ìtàgé, kò tíì sọ̀rọ̀ táwọn èèyàn á ti máa rẹ́rìn-ín. Awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú lọ, férémù lásán ni, kò sí dígí nínú rẹ̀. Bótáì ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá tó jẹun yó. Aago tó yẹ kó wà lórí tábìlì tàbí lára ògiri ló máa ń gbé kọ́ra bí ẹni pé aago ọwọ́ ni. Aṣọ rẹ̀ kì í bára mu, òun fúnra rẹ̀ á sì máa rìn bí ẹni tí kò sí ẹni tó mọ ọ̀ṣọ́ tó o nílùú.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan mẹ́ta yìí dáadáa. Awò ni ti ọ̀mọ̀wé. Bótáì ni ti akọ̀wé ìjọba àti ọ̀gá ọ́fíìsì. Aago ni ti ẹni tó ń tẹ̀lé àkókò òyìnbó. Nígbà tí Bàbá Sàlá ń dàgbà, nǹkan mẹ́ta yìí lèèyàn fi ń mọ ọ̀làjú. Òun náà wá kó gbogbo rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n awò rẹ̀ kò lè fi kàwé, bótáì rẹ̀ kò jẹ́ kó ríbi yí ọrùn, aago rẹ̀ sì wúwo ju ohun tó ń wò lọ. Ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín ń fi ọ̀gá ọ́fíìsì tó lé e jáde láàárọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìwà tó fi ń ṣeré náà ò yàtọ̀ sí aṣọ. Bàbá arúgbó tó láhun ni, ojúkòkòrò kún inú rẹ̀, ó fẹ́ràn obìnrin, ó sì gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo àdúgbò lọ. Yóò pète láti rẹ́ ẹlòmíràn jẹ, ète náà á sì padà wá wó lé òun fúnra rẹ̀ lórí. Èrò ìwòran kì í kórìíra rẹ̀, nítorí pé kò sí àdúgbò tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò sí.

Ohun kan wà tó yẹ ká sọ. Bàbá Sàlá kì í ṣe aláwàdà stand-up bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, ìyẹn ẹni tó dá dúró ti makirofóònù kan, tó ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ẹgbẹ́ ló ń kó kiri, eré ni wọ́n sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí àwọn apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ yìí ṣe ń gbé ìwà kan wọ̀ bí ẹ̀wù, tí wọn kò sì ní bọ́ ọ títí èrò yóò fi túká, ọwọ́ irú àwọn bíi tirẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Tẹlifíṣàn gbé e wọ yàrá àlejò

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí WNTV ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ohun tí yóò máa fi han àwọn èèyàn lójoojúmọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ eré Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ Aláwàdà bọ́ sójú tẹlifíṣàn, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ Bàbá Sàlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kárí ilẹ̀ Yorùbá.

Nígbà yẹn, Hubert Ògúndé ti fi ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1945 la ọ̀nà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀ àti Oyin Adéjọbí náà ń ṣe bẹbẹ. Eré ìtàn, eré orin, eré òṣèlú àti eré ẹ̀kọ́ ìwà lọ̀pọ̀ wọn fi ń lérí. Àwàdà máa ń wà níbẹ̀, àmọ́ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Bàbá Sàlá ló wá sọ iyọ̀ di ọbẹ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwàdà ni ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń ṣe, àwàdà náà sì lorúkọ ẹgbẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnká wọ̀nyí kì í sábà kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré sínú ìwé. Ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe lọ, á pín ipa fún kálukú, ìyókù dọwọ́ ẹnu àti ọpọlọ òṣèré lójú agbo. Ìdí nìyẹn tí eré kan náà fi lè yàtọ̀ ní ìlú méjì. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn kan, wọn á fà á gùn. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, ó di ọ̀la nìyẹn, wọ́n ti gé e dànù.

Kò ṣàjèjì sí ará etíkun

Ẹni tó bá ń gbé Badagry tàbí agbègbè rẹ̀ kò nílò àlàyé gígùn lórí kí aṣọ máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹnu. Bí Zangbeto àwọn Ogu bá yọ, tí ìmọ̀ràko ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ìjì, ẹrù á ba èèyàn, ẹ̀rín á sì tún pa á. Ọlọ́dẹ òru ni, ó sì tún jẹ́ ìran wíwò. Bí a bá kọjá sápá Yewa àti Kétu, títí wọ ilẹ̀ Benin, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló wà níbẹ̀, èyí tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára àwọn àṣà tó ṣeyebíye jùlọ láyé. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣáájú rẹ̀. Lóru yẹn, ẹni tó gbé Ẹ̀fẹ̀ lè fi orin bú olóyè, kó fi ahun ṣe yẹ̀yẹ́, kí ilẹ̀ sì mọ́ láìsí ìjà. Ẹ sì rántí pé ẹ̀fẹ̀ náà ni Yorùbá ń pe àwàdà.

Àwọn alárìnjó ayé àtijọ́ náà ní eégún tó ń fi àjèjì ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ti Tápà, wọ́n ní ti ará Dàhọ̀mì, wọ́n sì ní ti Òyìnbó tó nímú gígùn. Bótáì àti awò Bàbá Sàlá kò jìnnà sí eégún Òyìnbó yẹn. Iṣẹ́ àtijọ́ ni, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni.

Ọ̀run Móoru: fíìmù tó sọ ẹ̀rín di gbèsè

Ní 1976, Ọlá Balógun ṣe fíìmù Àjàní Ògún. Èrò wọ́ lọ wò ó. Ó tún bá Ògúndé ṣe Ayé ní 1979. Àwọn ọ̀gá eré Yorùbá wá rí i pé ọ̀nà tuntun ti ṣí. Bàbá Sàlá náà yá owó ní báńkì, òun àti Ọlá Balógun gẹ́gẹ́ bí olùdarí sì gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982.

Nínú fíìmù náà, Bàbá Sàlá ni Lámídì, oníṣòwò tí àwọn oníjìbìtì fi owó òjijì tàn jẹ títí ó fi di òtòṣì. Ayé sú u, ó fẹ́ kú, àwọn ará ọ̀run sì ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Ìtàn tó ń pani lẹ́rìn-ín ni, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ló wà nínú rẹ̀. Àkókò tí owó epo rọ̀bì ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn bí ọtí ni, kálukú sì ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lè yé wa, ó yẹ ká mọ bí òwò fíìmù ṣe ń lọ nígbà yẹn. Kò sí DVD, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí téèpù fíìmù gbọọrọ ni wọ́n ń ya àwòrán sí. Owó rẹ̀ wọ́n, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó ni fíìmù á wá máa gbé e káàkiri láti gbọ̀ngàn sí gbọ̀ngàn, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba owó ìwọlé. Owó ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ló lè san owó báńkì. Nítorí náà, bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ téèpù.

Ẹyin náà fọ́. Àwọn kan ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò láìgbàṣẹ, wọ́n sì tà á káàkiri. Ẹni tó yẹ kó sanwó ní gbọ̀ngàn ti jókòó sílé, ó ń wò ó pẹ̀lú ará ilé àti ará àdúgbò. Ẹ̀rín pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígboro, àmọ́ owó ẹnu ọ̀nà gbẹ. Gbèsè báńkì sì dúró gbagidi sí ọrùn Bàbá Sàlá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Gbogbo Yorùbá ló mọ Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n máa ń ta àwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn yóò fi pé. Ẹnu ọ̀nà ta ni Bàbá Sàlá fẹ́ lóṣòó sí? Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé àwọn jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Olólùfẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ka ara wọn sí.

Lámídì inú fíìmù pàdánù owó rẹ̀ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Ẹni tó ṣeré Lámídì náà pàdánù tirẹ̀ sọ́wọ́ oníjìbìtì.

Kò pa iṣẹ́ tì

Ẹlòmíràn ì bá pa iṣẹ́ tì. Bàbá Sàlá gbé Ààrẹ Àgbáyé jáde ní 1983, ó tún gbé Moṣebọ́látán jáde ní 1985. Orúkọ èyí ẹ̀yìn yìí dà bí ìdáhùn ọkùnrin tó ṣubú tó tún dìde.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí padà. Nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, owó téèpù àti owó fífọ fíìmù lókè òkun sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà fídíò ya eré wọn. Kásẹ́ẹ̀tì tó pa òwò Ọ̀run Móoru ni gbogbo iṣẹ́ náà wá padà gbára lé. Bàbá Sàlá pẹ̀lú ṣe fíìmù fídíò, lára rẹ̀ ni Àgbà Man ní 1992. Nígbà tó yá, ara kò gbé e mọ́ bí tàtẹ̀yìnwá, ó sì fà sẹ́yìn kúrò lójú agbo.

Àwọn tó ń rìn lójú ọ̀nà tó là

Ọ̀jọ̀gbọ́n àwàdà lọ́pọ̀, ọ̀nà wọn sì yàtọ̀ síra, àmọ́ ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà. Òjó Ládípọ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mẹ́rò, dá Awada Kẹríkẹrì sílẹ̀. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, ti gbilẹ̀. Bàbá Sùwé àti Mr Latin náà gbé ìwà àti ìmúra tiwọn wá, tí èèyàn fi ń dá wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Fún àwọn olùgbọ́ rẹ́díò, Gbénga Adébóyè tí wọ́n ń pè ní Fúnwọntán ni kò ṣeé gbàgbé. Aago àti awò Bàbá Sàlá kò lè hàn lórí rẹ́díò, nítorí náà ohùn ni Gbénga fi rọ́pò aṣọ. Òun nìkan á jókòó, á sì di èèyàn bíi mélòó kan, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, ẹni ọdún 43.

Lápá ti stand-up, Ali Baba sọ ọ́ di iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ńlá ń sanwó gidi fún, Opa Williams sì bẹ̀rẹ̀ Nite of a Thousand Laughs ní 1995. Lónìí, orí fóònù ni àwàdà wà. Mr Macaroni wọ ìwà bàbá olówó tó ń lé ọmọge kiri, Taaooma sì ń dá ṣe ìyá, bàbá àti ọmọ nínú fídíò kan. Bàbá Sàlá yóò dá iṣẹ́ yìí mọ̀ bó bá rí i.

Ohun tí òfin sọ fún aláwàdà òde òní

Olè àdàkọ kò tíì lọ. Ó kàn ti kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni kan á ya fídíò àwàdà ní Badagry, ẹlòmíràn á gbé e sójú ìwé tirẹ̀, á gé orúkọ olóhun kúrò, owó ìpolówó á sì máa wọlé fún un. Àmọ́ àwọn ohun kan wà tí Bàbá Sàlá kò ní ní 1982 tí àwọn ọ̀dọ́ ní báyìí.

• Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 1988 ló bí ilé iṣẹ́ ìjọba tí a mọ̀ sí Nigerian Copyright Commission lónìí. Ibẹ̀ lèèyàn lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

• Òfin tuntun, Copyright Act 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ti mẹ́nu ba íntánẹ́ẹ̀tì gbangba. Ẹni tó ni iṣẹ́ lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó gbé àdàkọ náà sórí ìkànnì rẹ̀ pé kó yọ ọ́ kúrò.

• Kò dìgbà tí èèyàn bá forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Gbàrà tó bá ti ya fídíò náà tàbí tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ó dára kí èèyàn fi iṣẹ́ rẹ̀ tó Commission létí, kó lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

• Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ẹ̀tọ́ yìí pátápátá, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Àdéhùn ẹnu lásán kò tó.

Òfin nìkan kò lè ṣe é, ṣá o. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry mọ ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́ dáadáa, níbi tí wọ́n ti ń ta fíìmù láìmọye. Orí káńtà kan náà ni ojúlówó àti ayédèrú ti lè fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́. Ẹni tó ń rà ló máa mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò mú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí fóònù: títẹ ojú ìwé aláwàdà fúnra rẹ̀ dípò ti ẹni tó jí i kò ná wa ní kọ́bọ̀, owó oúnjẹ ni fún olóhun.

Bàbá Sàlá fi àwàdà ìgbésí ayé ahun kọ́ ìran méjì lọ́gbọ́n. Nínú àwọn eré rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jẹ láìsanwó kì í gbádùn ẹ̀ dópin. Iṣẹ́ kù fún àwa tó ń wò láti má jẹ́ ahun sí ẹni tó pa wá lẹ́rìn-ín.